Fóònù Tó Sọ Màmá Dọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o, bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí bá yín. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ìdí máṣíìnì ìránṣọ yín ni ẹ máa wà. Ara mi le, òtútù ibí nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn etí mi méjèèjì. Láti ìgbà ayé bàbá wa lẹ ti ń sọ pé ìkíni ni fóònù wà fún, pé ọ̀rọ̀ tó bá ní egungun nínú, inú ìwé là á kọ ọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí, tí mo sì fi í sínú páálí tí ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé bá mi gbé wá.

Fóònù tuntun ló wà nínú páálí náà. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè. Láti ọjọ́ tí olè ti wọ inú fóònù yín, tó ń fi orúkọ yín tọrọ owó kiri lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín àti ẹbí wa, ọkàn mi ò balẹ̀. Irú fóònù tí ẹ ń lò yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè kó ohunkóhun wọ inú rẹ̀. Èyí yàtọ̀. Àwọn tó ṣe é ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo lẹ ti lè mú áàpù, wọ́n sì máa ń yẹ ohun tó bá wọ ọjà náà wò. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ ò ní máa wá awò ojú yín kiri mọ́.

Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀ kí n tó dì í. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ yẹn ta ẹnìkan lọ́rẹ.

Èmi ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Ẹ-Rọra


Ogúnjọ́, oṣù kìíní

Ẹ-Rọra, ọmọ mi,

Fóònù dé, ìwé dé, ẹni tó gbé e wá náà jókòó, ó mu omi. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á ṣe ọ́ lóore. Mo ti fi han gbogbo àdúgbò. Ẹni tí kò béèrè gan-an, mo fi hàn án.

Ìyàwó ni mo sọ ọ́. Ti àtijọ́ ti di Ìyáálé. Ìyàwó rẹwà, mi ò ní purọ́. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi lóòótọ́, bí mo bá sì fi ya àwòrán iṣẹ́ mi, gbogbo ojú òwú ló máa ń hàn ketekete. Kì í dákú lójijì bíi ti Ìyáálé, kì í sì í gbé ìpolówó bò mí lójú nígbà tí mo bá ń wo ìwọ̀n oníbàárà.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í tètè mọ ìṣe ilé. Bọ́tìnnì tí mo fi máa ń padà sẹ́yìn lára Ìyáálé, mo wá a títí, kò sí. Mo máa ń wọ ibì kan, màá wá há síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tó wọ yàrá àlejò, títí mo fi rí i pé ìka ni wọ́n fi ń gbá a láti ìsàlẹ̀. Àwòrán ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi náà, mo fẹ́ kó wà níbi tí ọwọ́ mi máa ń lọ, òun ní ibi tó wu òun lòun máa tò ó sí.

Ohun méjì ló ń rú mi lójú. Bó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojú rẹ̀ á ṣú, á sì gbé àwòrán aago kékeré kan jáde pé àkókò ti tó. Mo rò pé iná rẹ̀ ló ń tán, àmọ́ iná kún inú rẹ̀. Mo wá gbà pé òun náà ń sinmi. Èkejì ló ká mi lára. O mọ ẹ̀rọ mónógíráàmù mi, èyí tó ń fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ. Áàpù tí mo fi ń ṣí fáìlì iṣẹ́ ọnà rẹ̀, Ìyàwó ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní kí n béèrè. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ 'béèrè' sí. Ta ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Bá mi wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, torí mátíróònù ilé ìwòsàn ti kó aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ fún mi kí n rán báàjì sí àyà wọn. Bí èyí bá dára, iṣẹ́ ọdọọdún ni.

Ìyáálé ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo fi ń géṣọ. Mi ò tíì rí ẹni tí màá fi ta lọ́rẹ.

Ìyá rẹ tó ń wo ọ̀nà


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Inú mi dùn sí ìwé yín débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kí n tó rántí pé wọn ò gbọ́ èdè wa. Wọ́n ṣáà bá mi rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Awakọ̀ ojú irin kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń fẹ́ da tíì fúnra rẹ̀. Òfin ibẹ̀ sì ni pé àwa la gbọ́dọ̀ bá a dà á, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojoojúmọ́ ló ń bá wa jà. Àmọ́ kò tíì jóná.

Ẹ má da ara yín láàmú nípa áàpù yẹn. Èmi lẹ béèrè lọ́wọ́ mi. Ó yọ lójú fóònù mi níbí, mo sì tẹ rárá, torí mi ò mọ àwọn tó ṣe é. Ẹ sọ fún mátíróònù kó fara mọ́ nǹkan míì. Ti aago mẹ́sàn-án, èmi náà ni, kí ẹ lè máa tètè sùn. Ó tún wà nínú àbọ̀ tí fóònù yín máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ẹ pẹ́ nídìí fíìmù lọ́jọ́ Àìkú. Fíìmù kan náà, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rọra, nítorí ojú yín.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
Ẹ-Rọra


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Sí ẹni tó ń ṣọ́ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le, àfi bí fóònù bá ti kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Mo ka ìwé rẹ tán, mo tún un kà. Mo wá gbé Ìyàwó lọ bá atúnfóònùṣe tó wà ní ìkóríta wa, mo ní kó bá mi wo ohun tó ń ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Kí ló dé? Sọ ọ́." Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Fóònù yìí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yín." Mo ní ta ni? Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé ọmọ ni yín nínú ẹbí, pé ọmọ yín yìí ló jẹ́ òbí yín."

Àwọn tó ń dúró de fóònù tiwọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí bàbá rẹ tó mọ ọ̀nà ilé wa. Ṣòkòtò tí o wọ lọ sílé ìwé, èmi ni. Kóòtù tí o wọ wọ ọkọ̀ òfúrufú, èmi ni. Láti ìgbà tí o ti ń di etí aṣọ mi mú lo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé 'ẹ rọra', a sì fi sọ ọ́ lórúkọ torí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé yóò tó báyìí. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Fíìmù tí mo wò lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ mi ni mo ṣe wò ó. Bó bá wù mí, màá wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

Mátíróònù tí o ní kó fara mọ́ nǹkan míì, ṣé o mọ ohun tí o ń sọ? Iṣẹ́ mi lo bá mi kọ̀ yẹn. O wà lókè òkun, o tẹ rárá, o sì bá tìrẹ lọ. Bí obìnrin yẹn bá kó aṣọ rẹ̀ lọ, kò ní kó o padà wá.

Ṣé ara àwọn àgbà tí o ń tọ́jú lo kà mí mọ́ ni? Mo ti pa Ìyàwó, mo ti dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí.

Ìyá rẹ. Èmi ni mo bí ọ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín, ẹ ṣáà gbà pé mo dọ̀bálẹ̀.

Fóònù yín ò lọ. Àbọ̀ tó wá bá mi ní ẹ ò fọwọ́ kàn án rárá. Ìwé kankan ò sì tíì dé láti ọ̀dọ̀ yín. Mo pe obìnrin tó ń ta òwú fún yín, ó ní òun rí yín, ara yín le koko, àmọ́ bí òun ṣe dárúkọ mi ni ẹ ní kí òun wọn òwú pupa fún yín. Kí ni mo ṣe, Màámi? Ẹ bú mi kí n gbọ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Nígbà tí olè yẹn wọ fóònù yín, ó kọ̀wé sí èmi náà. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin ni, pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn lẹ wà, pé kí n fi owó ránṣẹ́ kíá. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo pè yín títí, kò wọlé. Mo jókòó sí yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, títí ẹ fi pè mí nírọ̀lẹ́ pé ọjà òwú lẹ ti ń bọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún yín nígbà náà torí ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Ìdí tí mo fi ra fóònù yìí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù yín.

Ọmọ yín,
Ẹ-Rọra


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Tèmi ti lọ kí tiyín tó dé. Mo ti wá mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni máa kà á sí yín létí.

Mi ò fẹ́ sọ yín dọmọ, Màámi. Àwọn tó ṣe fóònù yẹn ni kò fi ọ̀nà míì sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá ẹlòmíràn bójú tó fóònù rẹ̀ láti òkèèrè, àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ. Ọdún mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti tún un ṣe báyìí. Mo ti sọ yín di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ lè wo fíìmù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Áàpù nìkan ló kù tí ẹ ó máa béèrè, mi ò sì ní máa kọ̀ láìnídìí. Ti iṣẹ́ mátíróònù, mo ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ìyẹn á tẹ́ yín lọ́rùn.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀ yín,
Ẹ-Rọra


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n tètè dàgbà. Ọdún mẹ́sàn-án láàárín ìwé méjì, ìtọ́jú yín ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó kù kí ẹ wá ọkọ fún mi.

Ẹ̀fẹ̀ ti tó. Ìwé rẹ méjèèjì dé. Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo lọ jókòó sídìí máṣíìnì, mi ò rán nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé o sunkún. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Mo gbà pé ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe àfojúdi.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi náà. Olè yẹn ò fọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ fún mi ní dátà ọ̀fẹ́, èmi ni mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀. Ojú mi rí i, mo sì ti gbọ́n. Bí mo bá gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́, èmi ni mo máa wá òmíràn fún un, bó bá sì di ọjọ́ míì, màá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Kò sí télọ̀ kankan tó mọṣẹ́ torí pé wọ́n bá a fi àlùmọ́gàjí pamọ́.

Mo ti ṣe iṣẹ́ mátíróònù tán. Ìyáálé ni mo fi ṣe é. Ó dákú nígbà tí a dé ìdajì, ó sì gbé ìpolówó bàtà bo báàjì mọ́ mi lójú, mo fi í gégùn-ún, mo tún un tàn. Iṣẹ́ náà wu mátíróònù. Ó ní òun á padà wá.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mò ń bá ọ jiyàn èwo ló dára jù nínú fóònù méjèèjì. Ìyàwó ń tọ́jú mi, kì í gbọ́ tèmi. Ìyáálé ń gbọ́ tèmi, kì í tọ́jú mi. Ẹni tó bá lè pa àwọn méjèèjì pọ̀ fún mi, màá ránṣọ fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí mò ń bá ọ jà sí ni ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Bó bá jẹ́ tèmi ni fóònù yìí, yọ ọwọ́ rẹ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tó gbé e wá máa padà lóṣù tó ń bọ̀, màá fi rán an sí ọ. Èyíkéyìí tí o bá mú, mi ò ní bínú, ìwọ ṣì ni ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní béèrè àyè lọ́wọ́ ẹni tí mo pọ̀n sẹ́yìn.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú sùúrù mi. Ó pẹ́ kí n tó dáhùn, torí mo fẹ́ ṣe é kí n tó kọ ọ́.

Mo jókòó ti fóònù mi lọ́jọ́ tí mi ò lọ síṣẹ́, láti yọ ọwọ́ mi kúrò nínú tiyín. Fóònù náà bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ọmọ náà ti dàgbà tó láti máa dá ìpinnu ṣe. Ẹ̀rín pa mí débi pé ẹni tí a jọ ń gbé yọjú wò mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́. Orúkọ yín sì kúrò lójú fóònù mi. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ni orúkọ tí bàbá wa máa ń fi ṣàpọ́nlé yín bí oúnjẹ bá dùn mọ́ ọn. Ẹ fi wọlé, kí ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì sọ tuntun fún mi. Àwọn nǹkan kan wà tí agbára mi ò ká. Ọjà kan ṣoṣo yẹn àti bọ́tìnnì tí ẹ ń wá, ọwọ́ àwọn tó ṣe é ni ìyẹn wà. Ẹ má fi Ìyáálé ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ awakọ̀ ojú irin wa tọ ọ̀gá lọ, ó ní kí a dán an wò. Bàbá náà da díẹ̀ nínú tíì rẹ̀ sínú àwo, ó da ìyókù sínú ife, ó sì mu ún láìwo ojú ẹnì kankan. A nu tábìlì.

Mi ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe mọ́, Màámi. Ó di kí n máa béèrè bí àwọn ọmọ yòókù. Ṣé dáadáa lẹ wà?

Ọmọ yín,
Ẹ-Rọra


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Ẹ-Rọra, ọmọ mi,

Dáadáa ni mo wà. O ṣeun tí o béèrè. Kò tíì sí ìwé rẹ tó dùn mọ́ mi nínú tó èyí, mo sì ti kà á fún obìnrin olówùú, tí èmi náà ti ń dárúkọ rẹ fún báyìí.

Mo wọlé, mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Mo ní kí atúnfóònùṣe kọjú sí ògiri nígbà tí mò ń kọ ọ́. Áàpù iṣẹ́ ọnà ti wọlé. Ìyàwó ni mo fi ń ya iṣẹ́ mi tí mo sì fi ń wo báàjì dáadáa, Ìyáálé ni mo fi ń gbé fáìlì sínú fúláàṣì fún ẹ̀rọ. Orí tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, wọn ò sì bá ara wọn jà. Fíìmù yẹn, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo rò pé a ti parí, Ìyàwó bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò retí. Ó ní bó bá di ọjọ́ kan tí mo gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ta ni kí òun ké sí tó máa bá mi ṣílẹ̀kùn. Ó ní kì í ṣe dandan, pé mo lè fò ó. Atúnfóònùṣe ní, "Ẹ fò ó, Màmá, ṣebí òmìnira lẹ ń wá." Mo ní kó gbé fóònù mi fún mi. Mo wọ awò ojú mi, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tóbi tó yẹn, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi mí pé kí ni ẹni yẹn jẹ́ sí mi. Òbí wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ọkọ wà níbẹ̀. Mo tẹ ọmọ.

Yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ láìpẹ́, yóò sì bi ọ́ bóyá o gbà. Ìwọ náà lè sọ pé rárá.

Ìyá rẹ